Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Akọ̀wé gbé àwo ọṣẹ síwájú mi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rárá. Gbogbo obìnrin tó bá wọ Kóòtù Ìfẹ́sọ́nà ni wọ́n ń gbé e fún, torí ìka a máa wú bí ẹkún bá pọ̀ jù, òrùka kì í sì í fẹ́ jáde mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ọṣẹ yín sẹ́yìn ná," mo wí. "Wọn ò tíì dá ẹjọ́."

"Má bínú, ọmọ mi. Ìlànà ni." Obìnrin àgbàlagbà ni, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, Ọ̀ṣúntóki, sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó fi ìka kan ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n tí kò fi ní jọ pé ó rú ìlànà. "Àwọn kan máa ń fi eyín fà á yọ ni. Mo ti nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí tábìlì yìí rí."

Kóòtù náà dúró lórí òpó irin láàárín omi, bíi gbogbo ilé tó kù ní Èbúté Òkè. Bí ìgbì bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ á mì díẹ̀, omi ọṣẹ inú àwo á sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bo ọwọ́ òsì mi mọ́lẹ̀. Òkúta orí òrùka náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ní òdìkejì tábìlì ni Akínlàbí, àfẹ́sọ́nà mi, jókòó sí, tí kò wo ojú mi. Mo ti wo ọrùn ọkùnrin yẹn títí mo fi mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jọ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti yá a wá. Bàbá Ògúnrìndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jókòó tì í, ó gẹ fìlà bí ẹni pé ìdána la tún wá ṣe. Òun ló kó àwọn ènìyàn wọn wá tọrọ mi nígbà náà. Òun náà ló wá gba òrùka.

"Ẹ̀yin Elétígbáròyé, a kí yín o," Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣí fìlà. Ẹ̀rọ ni adájọ́ wa, kò lójú, mi ò mọ ẹni tó ń ṣí i fún. "Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ìyàwó àbúrò mi ló wà nínú òkúta yẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì, kí la fẹ́ sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Bàbá, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn nígbà tí wọn ò lè dìde mọ́," mo wí. "Ṣé èmi ni àjèjì náà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ọpẹ́ yàtọ̀, òrùka yàtọ̀."

Òótọ́ ni pé màmá, ìyá Akínlàbí, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sin òkú mọ́. Láti ìgbà tí omi ti wọ gbogbo itẹ́ òkú, tí àwọn òkú sì ń léfòó padà wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọ wọn, ilé ìtẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ, kí iná àti ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n títí wọn á fi di òkúta. Ẹni tí kò rí ṣe, òkúta dúdú bí èédú ni wọ́n ń kó fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àpò. Ẹni tó bá ní, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Màmá ti ń fi owó ìtẹ̀ tiwọn pamọ́ láti ìgbà tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n ń ran àwọ̀n ní èbúté. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n tán, wọ́n mọ́ gaara, wọ́n sì ní àwọ̀ oyin. Oníṣòwò òkúta kan dá mi dúró lórí afárá lọ́jọ́ kan, ó ní òun á fún mi ní ilé kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Ìgbẹ́tì bí mo bá lè bọ́ òrùka náà fún òun. Mo bú u débi pé àwọn tó ń kọjá bẹ̀ mí.

Màmá fúnra wọn ló ní kí wọ́n fi àwọn sórí òrùka náà. Dígí lásán ló wà lórí òrùka náà nígbà tí Akínlàbí fi sí mi lọ́wọ́, torí agbára rẹ̀ kò ká ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá di ìka mi mú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń yí òrùka náà po. "Àṣàkẹ́," wọ́n ní, torí oríkì mi ni wọ́n máa ń pè, "bí wọ́n bá tẹ̀ mí tán, ibí ni kí wọ́n fi mí sí. Mi ò fẹ́ gbé inú àpótí. Mo fẹ́ máa bá ẹ wọ ilé ìdáná, kí n máa rí ohun tó ò ń fi sọ́bẹ̀." Títí dọ́jọ́ yẹn, wọn ò tíì gbà pé mo mọ iyọ̀ wọ̀n.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

"Ẹ ki ọwọ́ òrùka bọ etí mi," ẹ̀rọ náà wí.

Àwọn ará ìlú ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní Elétígbáròyé, kí ìjọba tó gba orúkọ náà tí wọ́n sì fi irin kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, kò lẹ́nu, kò lójú, àfi ihò méjì tí wọ́n gbẹ́ bí etí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn nílé rédíò láyé àwọn bàbá wa. Mo ki ọwọ́ mi bọ inú etí òsì rẹ̀. Ó tutù, nǹkan kan tó rọ̀ bí irun sì rọra kó òrùka náà mọ́ra.

Kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ṣẹ̀. Ní ọdún tí omi gbé gbogbo ìwé ìgbéyàwó lọ, tí àwọn ọkùnrin sì ń bá ara wọn du ìyàwó ní kóòtù, àwọn adájọ́ rí i pé ohun tí ènìyàn kì í rántí purọ́ nípa rẹ̀ ni bó ṣe ń pe ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé. Ọkọ a máa pe ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó. Ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ ní orúkọ tí wọ́n bí wọn mọ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe fún ọ̀wọ̀ ni wọ́n sọ di òfin, wọ́n sì fi etí sínú gbogbo òrùka ìfẹ́sọ́nà láti máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ ló tú ìfẹ́sọ́nà ká, ẹni yẹn ni yóò sì fi òrùka sílẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀. Akínlàbí ló fi mí sílẹ̀. Láti ọjọ́ ìtẹ̀ màmá ni kò ti yọjú sí mi mọ́, tí kò gbé fóònù mi, tí kò sì pè mí ní ìyàwó. Kò sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Ó kàn ń dín kù lójú mi títí tí n kò fi rí i mọ́. Mo mọ̀ pé òrùka ti gbọ́ gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Mo ti gbọ́ tán," Elétígbáròyé wí. "Ọkùnrin náà, Akínlàbí, kò pe obìnrin náà ní ìyàwó mọ́ láti ìgbà ìtẹ̀ ìyá rẹ̀."

Mo mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n obìnrin náà, Mosúnmọ́lá, ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́. Kí ìyá náà tó kú, nínú yàrá rẹ̀, Mosúnmọ́lá pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbangba, léraléra. Ìbídùnní ni ó pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ. Ẹni tó bá pè é ti jáde kúrò nínú ilé náà."

Bàbá Ògúnrìndé gbọ́wọ́ lé orí. "Ẹ gbà mí o! Ó pe kí ni? Ó lanu pe ìyàwó àbúrò mi bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Mosúnmọ́lá, kí ni ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín jà sí? Ènìyàn tó ń kú lọ lo dúró lé lórí tó ò ń bú?"

"A ò jà, Bàbá."

"Kí wá ni?"

Mo wo Akínlàbí. Ó ti ń fi àtàǹpàkò kan gé èékánná èkejì, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo rí i pé màmá ti ń lọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: bí ènìyàn bá ń lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á yí i ká, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan kó lè padà. Ọmọ kan ṣoṣo ni màmá bí, kò sì sí nílé. Mo pe "Màámi! Màámi!" títí, ojú wọn kò yí. Gbogbo ìyá ayé ló ń jẹ́ màámi. Mo wá gbá ọwọ́ wọn mú, mo sì ké orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ń pè é, mo ń sunkún, mo ń pè é. Wọ́n la ojú. Lóòótọ́ ni wọ́n padà wá fúngbà díẹ̀, wọ́n sì wò mí, kí wọ́n tó tún lọ pátápátá. Bí wọ́n bá tún gbé ọjọ́ náà wá, màá tún un pè.

"Àyè kan wà nínú òfin," Elétígbáròyé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bí ẹnì kan bá ń kú, tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ tí ọmọ náà sì kọ̀ láti wá, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè pe orúkọ náà dípò ọmọ, ìfẹ́sọ́nà kò ní tú. Ṣùgbọ́n n kò gba ẹ̀rí ẹnu. Bí ẹ bá fẹ́ gba ara yín sílẹ̀, màá ṣí wákàtí náà sílẹ̀ bí òrùka ṣe gbọ́ ọ, kí gbogbo àwọn tó wà níbí gbọ́ ọ pẹ̀lú mi."

"Ta ló kọ̀ láti wá?" Bàbá Ògúnrìndé dìde. "Ìjì ló gé gbogbo wáyà Odi Òkun lọ́jọ́ náà! Ọmọ yìí wà níbi tó ti ń mọ odi tí kò jẹ́ kí òkun gbé gbogbo wa mì. Ó sunkún lé mi láyà pé wọ́n pe òun, òun ò gbọ́. Àbí irọ́ ni, Akínlàbí?"

"Ìjì ni, Bàbá," Akínlàbí dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Arábìnrin Mosúnmọ́lá," ẹ̀rọ náà wí, "ṣé kí n ṣí i?"

Mo yọ ọwọ́ mi jáde. "Ẹ jẹ́ kí n mu omi ná," mo wí.

Ẹ̀rọ omi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gba àárín pákó wọlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Akínlàbí lẹ́yìn mi. Ó kọjá mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ẹ̀rọ náà.

"Ìpín omi mímu yín ti tán fún òní," ẹ̀rọ omi wí.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife òfìfo lọ́wọ́. Mo tì í sẹ́yìn, mo gbé ọwọ́ tèmi lé e, omi sì ń ṣàn sínú ife rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe ni mo ti ṣe é. Ó mu ún tán, kò sì dúpẹ́. Kì í dúpẹ́ omi lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ náà.

"Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i," ó wí.

"O ò sì lè sọ fún Bàbá pé kò sí ìjì kankan?"

"Mosúnmọ́lá..."

"Mo pè ẹ́, o ò gbé e. Mo tún pè, o ò gbé e. Nígbà tó o wá gbé e, mo gbé fóònù sí etí wọn. Ṣé mo purọ́?"

Ohun tó wà nínú òrùka ni mò ń sọ, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Màmá ní, "Àkànní, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ó ní, "Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá pè yín padà." Lẹ́yìn rẹ̀, orin ń lọ lákọlákọ, ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé ẹja wá. Ó gé fóònù náà. Kò pè padà.

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń kú," ó wí. Ó fi orí ti ògiri. "Ìdí nìyẹn. Mo lọ jókòó síbi táwọn ènìyàn ti ń pariwo kí n má baà gbọ́ ohun tí mò ń rò. Mo ṣáà ń sọ fún ara mi pé bí mi ò bá gbọ́ ohùn wọn, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mi ò lè dúró ti nǹkan tó bá ń dun ènìyàn."

"Mo mọ̀ ọ́."

"Bí mo bá ti rí ojú ẹ, fóònù yẹn ni mo máa ń rí. Ìdí tí mi ò fi wá mọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ní ẹlòmíì."

Inú mi ìbá dùn ká ní ó ní ẹlòmíì. Obìnrin lè bú ẹlòmíì. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, tó sá fún mi torí pé èmi nìkan ni mo mọ ibi tó kéré sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Padà wọlé, kó o sọ pé ìwọ lo tú u," mo wí. "Kí òrùka wà lọ́wọ́ mi, ká túká ní pẹ̀lẹ́tù."

"O gbọ́ nǹkan tó sọ. Kì í gba ẹ̀rí ẹnu. Àfi kó ṣí i." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣí i bó o bá fẹ́. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí Bàbá jáde ná, tí wọ́n bá lè gbà."

"Wọn ò ní gbà."

"Mo mọ̀." Ó wá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ẹ́. Ṣé wọ́n gbọ́? Orin yẹn. Ṣé wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo wà?"

Mo yí ojú sí ibi tí omi wà.

Wọ́n gbọ́. Nígbà tó gé fóònù náà, màmá ń wo òkè àjà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín bí ọbẹ̀ mi bá jóná. "Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́," wọ́n ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màámi. "Orin iṣẹ́ náà dùn." Wọ́n sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i. "Àṣàkẹ́, má jẹ́ kó mọ̀ láéláé pé mo gbọ́. Ọkàn ọmọ yẹn ò lágbára, kò ní lè gbé e. Ṣé o gbọ́ mi?" Mo ní, "Mo gbọ́, màámi." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Òun náà wà nínú òrùka.

Bí Elétígbáròyé bá ṣí wákàtí yẹn, màmá á wà lọ́wọ́ mi títí ayé mi. Èmi á sì ti fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ ṣòfò níṣojú ọmọ wọn. Mo wá ọ̀nà tí màá fi ní méjèèjì, mo wá a dáadáa, orí mi gbóná. Kò sí.

"Ṣé wọ́n gbọ́?" Akínlàbí tún bi mí.

"Wọn ò gbọ́ nǹkan kan," mo wí. "Wọ́n ti lọ jìnnà nígbà yẹn. Ohùn rẹ nìkan ni wọ́n mọ̀, ó sì dùn mọ́ wọn."

Ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi dákẹ́, a sì jọ wọlé padà. Bàbá Ògúnrìndé ń wo wá bí ẹni tó rò pé a ti parí ìjà.

"Arábìnrin Mosúnmọ́lá, ṣé kí n ṣí i?"

"Rárá," mo wí. "Ẹ má ṣí i. Èmi ni mo pe orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ẹ gbọ́ ọ?" Bàbá Ògúnrìndé wí. "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

"Ó yé mi," Elétígbáròyé dáhùn. "Ìfẹ́sọ́nà tú láti ọwọ́ obìnrin. Òrùka jẹ́ ti ọkùnrin. Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe ìyàwó ilé náà mọ́. Kò sí òfin kankan láàárín ẹ̀yin pẹ̀lú wọn. Ẹ lè pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní orúkọ tó wù yín, alààyè àti òkú."

Akọ̀wé tún gbé àwo ọṣẹ náà wá. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fà á, kò jáde. Mo tún fà á. Ìka mi ti wú. Ìyáàfin Ọ̀ṣúntóki wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, ó sì fa àga sún mọ́ mi. Ó gba ọwọ́ mi sínú tirẹ̀, ó ń fi ọṣẹ pa ìka náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. "Pẹ̀lẹ́," ó ń wí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má dà á láàmú. Yóò wá." Ẹkún tí mo ti ń dì mọ́ra láti àárọ̀ já bọ́ sínú omi ọṣẹ. Ta ni yóò máa bá mi wọ ilé ìdáná báyìí? Ta ni yóò máa wo iyọ̀ mi?

Òrùka náà jáde. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sórí àwo kékeré kan, ó tì í sí òdìkejì.

Akínlàbí gbé e. Kò wọ ìka rẹ̀ kankan, kódà kò wọ ọmọńdinrín. Bàbá Ògúnrìndé na ọwọ́: "Mú un wá, kí n bá ọ fi pamọ́. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń mú rìn."

"Rárá, Bàbá," Akínlàbí wí. Ó ti dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ojú rẹ̀ ṣí bí ti ọmọdé. "Wọ́n gbóná," ó wí fún mi. "Mosúnmọ́lá, màámi ṣì gbóná."

Ọwọ́ mi ló wà lára òkúta náà láti ọjọ́ yìí wá. Ooru ara mi ni. Kí ó tó dé ilé, yóò ti tutù. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì pa á dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Má jẹ́ kí òtútù mú wọn."

Mo jáde. Oòrùn ṣì wà lókè, omi ń tàn dé ibi tí ojú lè rí i dé, àwọn òrùlé tó rì sì ń yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Níbi tí òrùka ti wà lára ìka mi, awọ ibẹ̀ mọ́, ó sì hunjọ, afẹ́fẹ́ kékeré sì ń tà á. Ọkọ̀ kan tí kò ní awakọ̀ wá gúnlẹ̀ síwájú mi. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó, ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa dé.

"Ẹ káàsán o," ọkọ̀ náà wí. "Níbo lẹ ń lọ?"

Mo fẹ́ sọ àdúgbò mi fún un. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló wá sí mi lẹ́nu, nǹkan tí kò sí òfin tó dè é mọ́, tí kò sí etí òrùka tí yóò gbọ́ ọ.

"Ìbídùnní," mo wí.

"Ẹ má bínú," ọkọ̀ náà wí, "n kò mọ ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi tí ẹ ń lọ pè."

Mo tún un pè.